Bí A Ṣe Múra Láti Lọ Wo Òkun

 

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò ka àkọlé yìí, yóò sì wí pé: "Kí ni àgbẹ̀ ń wá ní etí òkun?" Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni bàbá kan sọ ní kíláàsì wa ní Kétu, ní alẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú àbá náà wá. Ó ní oko òun kò sí ní etí òkun, àna òun kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó jẹ òun ní gbèsè kò sì sá lọ síbẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè pé, "Ta ni ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí òkun rí?" ènìyàn mẹ́ta péré ni ó na ọwọ́ sókè nínú àwa 18.

Ẹ gbọ́ ná. Orílẹ̀-èdè Benin ní etí òkun tí ó gùn tó bí kìlómítà 120, láti ẹnu ibodè Togo títí dé ẹnu ibodè Nàìjíríà. Àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń san owó ńlá, kí wọ́n lè jókòó sórí iyanrìn náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwa tí a ni ilẹ̀ náà, a ń dàgbà, a ń darúgbó, a kò mọ bí ó ti rí. Èmi kò gbà pé ti òyìnbó nìkan ni ìsinmi. Ẹni tí ó ti fi ọkọ́ ro ilẹ̀ láti oṣù kẹrin dé oṣù kọkànlá, ó yẹ kí òun náà jókòó níbì kan kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lára.

Èmi wà nínú àwọn mẹ́ta tí ó na ọwọ́. Mo ti rí òkun rí. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ó jẹ́ kí n sọ fún kíláàsì mi pé: "A ó lọ, ṣùgbọ́n a kò ní í lọ bí ọmọdé." N kò sọ ìdí rẹ̀ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ni n ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún nínú ìwé yìí, kí ẹ lè mọ ìdí tí ètò wa fi gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ọdún 17 ni mo jẹ́ nígbà náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdánwò tán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwa ọmọkùnrin márùn-ún kó owó jọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a wọ ọkọ̀, ó di Kútọnu. A kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. A kò mú nǹkan kan dání ju búrẹ́dì lọ. Oṣù keje ọdún ni.

Nígbà tí a dé etí òkun, ariwo omi náà kọ́kọ́ bà wá lẹ́rù. Ìgbì ńlá ń dìde bí ògiri, ó ń wó lulẹ̀, ó ń hó funfun bí omi ọṣẹ. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbì ọ̀tún àti ìgbì òsì, ibì kan wà tí ó dákẹ́. Ìgbì kò fọ́ níbẹ̀. Ó fẹ̀ tó ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàárín wa, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, òun ni ó mọ ìlúwẹ̀ẹ́ ju gbogbo wa lọ. Ó na ìka sí ibẹ̀, ó ní, "Ibi tí ó dákẹ́ yìí ni kí a gbà wọ̀ ọ́."

Odò ni ó ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Nínú odò, ibi tí omi ti ń pariwo ni òkúta wà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ létí wa. Ó wọ omi dé orúnkún, ó wọ̀ ọ́ dé ìbàdí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa bọ̀. Lẹ́yìn náà a rí i pé ó ń jìnnà sí wa. Kì í ṣe pé ó ń lọ síwájú o. Ọ̀dọ̀ wa ni ó kọjú sí. Ó ń fi gbogbo agbára rẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ wá sílẹ̀, omi sì ń gbé e lọ. A ń pariwo. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ bẹ́ sínú omi, àwọn apẹja kan sáré wá, wọ́n dì í mú. Kí wọ́n tó rí okùn, a kò rí orí rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni òkun dá a padà, ní ọ̀nà jíjìn sí ìhà ìlà-oòrùn ibi tí ó ti wọ omi. Èmi ni mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sọ fún ìyá rẹ̀. N kò ní í kọ ohun tí ìyá náà sọ síbí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí ó pa á. Apẹja kan ni ó là mí lóye, mo sì tún kà nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìgbì tí ènìyàn ń rí ní Kútọnu tàbí ní Wídà, kì í ṣe ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìjì ńlá tí ń jà ní apá gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí wa, ni ó ń tì í wá. Kò sí ilẹ̀ ńlá kan tí ó dínà fún un. Nígbà tí ó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbì kan á gbé omi wá sórí iyanrìn, òmíràn á tẹ̀lé e, òmíràn á tún tẹ̀lé e. Omi tí ó wá yìí gbọ́dọ̀ padà. Ó máa ń wá ibi tí ìsàlẹ̀ ti jìn, á sì gba ibẹ̀ padà, bí omi òjò ṣe ń wá kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nítorí pé ibẹ̀ jìn, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀. Nítorí pé ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀, ojú omi á dákẹ́. Ibi tí ó dákẹ́ ni ẹnu ọ̀nà tí omi ń gbà padà sínú òkun.

Ẹ ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Omi náà kì í fa ènìyàn lọ sí ìsàlẹ̀. Òkun ni ó ń gbé e lọ. Ohun tí ń pa ènìyàn ni pé ó ń bá omi náà jà títí agbára rẹ̀ fi tán. Ẹni tí omi bá gbé, kí ó má bá a jà. Kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi, kí ó na ọwọ́ kan sókè, kí ó máa kígbe. Bí ó bá mọ ìlúwẹ̀ẹ́, kí ó má kọjú sí ilẹ̀ tààrà. Kí ó lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí òkun, títí yóò fi kúrò lójú ọ̀nà omi náà. Ọ̀nà náà kì í sábà fẹ̀ púpọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ó wá gba ibi tí ìgbì ti ń fọ́ padà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi lè ṣe gbogbo èyí. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ fún un ni.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a padà sí kíláàsì.

A mú ìwé, a mú kálámù. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n rí i pé ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ wúlò fún nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí ìdánwò. Mo bèèrè pé nígbà wo ni a ó lọ, níbo ni a ó lọ, èló ni yóò ná wa, ta ni yóò sì ṣe kí ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lọ yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀. N kò ní í bá ẹnikẹ́ni kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbà kò pẹ́. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni ìgbì máa ń ga jù ní etí òkun wa, nítorí pé àkókò òtútù ni àkókò náà jẹ́ ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, ìjì sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, omi a máa rọlẹ̀ díẹ̀. Òjò kò sí, àgbàdo ti wà nínú àká. Mo ní "díẹ̀" o. Òkun wa kì í ṣe ẹran ọ̀sìn ní oṣù kankan. A mú ìparí oṣù kìíní. A yẹra fún ìgbà ọdún Vodun nínú oṣù náà, nítorí pé ìgbà náà ni èrò máa ń kún etí òkun Wídà. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo ọdún, kí ó lọ ní ìgbà náà. Àwa fẹ́ ibi tí a ó ti rí ara wa kà.

Ibi tí a ó lọ ni ó dá ìjà sílẹ̀. Bàbá tí ó ní òun kò ní àna létí òkun ti yí ọ̀rọ̀ padà báyìí. Kútọnu ni ó fẹ́, kí ó lè wo èbúté. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun ń gbọ́ ìròyìn èbúté tuntun náà. Òótọ́ ni. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣí i. Ní ayé àtijọ́, ọkọ̀ ńlá kò lè súnmọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbì. Ojú òkun ni yóò dúró sí, àwọn ọkùnrin alágbára yóò sì máa fi ọkọ̀ igi la ìgbì kọjá lọ kó ẹrù wá. Omi kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Èbúté tuntun mú ìyẹn kúrò, ṣùgbọ́n ó mú òmíràn wá. Iyanrìn etí òkun wa kì í dúró lójú kan. Omi ń gbé e láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn láìdákẹ́. Nígbà tí wọ́n to òkúta ńlá sínú omi láti dáàbò bo èbúté, iyanrìn kó jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Apá ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ilé àwọn ènìyàn lọ. Nígbà tí mo sọ èyí, bàbá ní òun kò fẹ́ rí Kútọnu mọ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo Grand-Popo. Ibẹ̀ dára: igi àgbọn, òkun níwájú, ọ̀sà lẹ́yìn, ẹnu odò Mono kò sì jìnnà. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá dé Kútọnu, ó ṣì ku bí kìlómítà 80 kí ó tó dé ibẹ̀. Wídà kò ju bí kìlómítà 40 lọ láti Kútọnu. Mo ní kí a mú Wídà.

Ìyá kan wà tí ó dàgbà jù ní kíláàsì wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé kì í ṣe ọ̀nà Wídà ni wọ́n gbà kó àwọn ènìyàn wa lọ? Kí ni mo fẹ́ lọ jẹ ìgbádùn ṣe níbẹ̀?"

Kíláàsì dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, nítorí n kò múra ìdáhùn sílẹ̀. Mo wá sọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní òótọ́ ni ìyá sọ. Ní ọdún 1886 ni ogun Dàhómì fọ́ Kétu, tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhómì ni àwọn tí ó kù padà wá tún ìlú kọ́. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, fún ọdún púpọ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni wọ́n mú tí wọ́n tà sí Wídà. Láti ìlú dé etí òkun tó bí kìlómítà 4. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn ín. Ní ọdún 1860, ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Clotilda kó bí ènìyàn 110 níbẹ̀ lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà. Bẹ́ẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti ọdún 1808. Ọmọ Yorùbá kan tí ń jẹ́ Kossola wà nínú wọn. Ó pẹ́ láyé, ọdún 1935 ni ó tó kú, ọkàn rẹ̀ kò sì kúrò ní ilé.

Mo tún sọ pé ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn tí ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì àti Ọ̀ṣun wà títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń pe ara wọn ní ọmọ Ketu. Mo kọ ọ́ sára pátákó bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: KETU. Ìyá wo pátákó náà pẹ́. Ọdún kejì rẹ̀ ni ìyẹn ní kíláàsì. Ó kà á sókè, ó pín in sí méjì, lẹ́yìn náà ó pa á pọ̀. Ó bèèrè pé, "Ǹjẹ́ wọ́n máa ń padà wá?" Mo ní àwọn kan ń wá. Kò sọ nǹkan mìíràn. Ó gba kálámù lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mú Wídà.

Owó ńkọ́? A ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dá 250 fránkì ní ọ̀sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 20. Obìnrin alákàsà kan ni akápò. Ẹlòmíràn ni ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo di owó mú kí ó sì tún jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ènìyàn méjì ní àwọn kò lọ mọ́. A ka 1 500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan padà, wọ́n fi ọwọ́ sí ìwé. Ó ku àwa 16. Ẹ mú ìwé yín, kí ẹ ṣe ìṣirò náà: 250 lọ́nà 16 jẹ́ 4 000. Lọ́nà 20, ó jẹ́ 80 000.

Ọkọ̀ gba 52 000, pẹ̀lú epo, fún ọjọ́ méjì. Ọmọ ọ̀kan nínú wa ni awakọ̀, ó dín owó fún wa. Tiyín lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Oúnjẹ gba 14 500. A fi 2 000 sílẹ̀ fún owó ojú ọ̀nà, 5 000 fún àwọn tí yóò gbà wá sílé sùn ní Àjàṣẹ́, 1 500 fún okùn àti oògùn. Ìyẹn jẹ́ 75 000. Ẹlòmíràn ní kí a fi 5 000 tí ó kù ra ẹran. Akápò kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọ̀nà kì í ṣe ìyá ẹnikẹ́ni. Nígbà tí táyà fọ́ lẹ́yìn Sákétẹ́, tí àtúnṣe rẹ̀ gba 2 500, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn wo ẹni tí ó fẹ́ ra ẹran.

Okùn tí mo kọ sílẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a fi ṣe. A so ó mọ́ bídọ̀n òfìfo kan, irú èyí tí a fi ń ra epo, a dé ẹnu rẹ̀ pinpin. Bí omi bá gbé ẹnì kan, ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá bẹ́ tẹ̀ lé e sábà máa ń di òkú kejì. Bídọ̀n ni kí ẹ jù sí i, nítorí ó máa ń léfòó. Kí ó gbá a mọ́ àyà, kí ẹ máa fa okùn. A dán an wò ní àgbàlá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọdé tí ń kọjá rò pé orí wa ti yí.

A tún pín ara wa ní méjì-méjì. Bí o bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ tí o kò rí ìkejì rẹ, kí o pariwo. A gbé omi mímu púpọ̀, fìlà àti gèlè, nítorí pé afẹ́fẹ́ òkun tutù lára, ènìyàn kì í mọ̀ pé oòrùn ń jó òun títí di alẹ́.

A jáde ní Kétu ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé. A gba Pọ́bẹ̀, a gba Sákétẹ́, a sùn ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣe wá lálejò ju 5 000 tí a fún wọn lọ. Ní ọjọ́ Àìkú, a ti kọjá Kútọnu kí oòrùn tó mú. Nígbà tí a kù díẹ̀ kí a dé òkun, ìyá ní kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Ó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀, a sì rìn tẹ̀ lé e láì sọ̀rọ̀, títí dé ẹnubodè ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun ní ọdún 1995, tí wọ́n ń pè ní Ẹnubodè Àìpadàbọ̀. Ìyá dúró níbẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. N kò bèèrè ohun tí ó ń sọ.

Bàbá alárìíwísí wa ṣí fìlà nígbà tí ó rí òkun. Ó wò ó lọ sí ọ̀tún, ó wò ó lọ sí òsì. Ó ní, "Ta ni yóò ro èyí tán?"

A kọ́kọ́ lọ kí àwọn apẹja. Ẹ má gbàgbé èyí. Àwọn ni ó ni ilé, àwọn ni ó mọ ibi tí omi ń gbà lọ́jọ́ náà, nítorí pé ibẹ̀ lè yí padà láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá lọ́wọ́, ogún ènìyàn lórí okùn kan, ogún lórí èkejì. A bá wọn fà á. Wọ́n fún wa ní ẹja. Àgbà kan nínú wọn mú wa lọ síbì kan, ó na ọwọ́, ó ní, "Ẹ má ṣe wọ ibí yìí."

Ó dákẹ́ rọ́rọ́. Àárín ìgbì méjì ni. Àyà mi já.

Mo mú èèpo àgbọn kan, mo jù ú síbẹ̀. Mo ní kí kíláàsì máa kà. Kí a tó ka 60, èèpo náà ti kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ó ń lọ sí òkun, kò sì sí ẹni tí ó ń wà á. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín mọ́.

Níbi tí àwọn apẹja fi hàn wá, a wọ omi dé ọrùn ẹsẹ̀, a di ara wa lọ́wọ́ mú. Ẹni tí ó ní ìgboyà jù dé orúnkún. Àwọn obìnrin ń ké bí ọmọdé nígbà tí omi ń fa iyanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ọkùnrin náà ké, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rín ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa, alágbára ni, bọ́ ẹ̀wù, ó ń lọ síwájú. Mo pè é. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, mo mọ̀ ọ́n wẹ̀." Mo sáré wọ omi, mo gbá a lápá mú. Níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ fún wọn. Ohùn mi kò dúró dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà jáde, ó jókòó sórí iyanrìn, ó sì bínú sí mi títí a fi padà dé Kútọnu. Kí ó bínú. Mo mọ ilé ìyá rẹ̀.

A yan ẹja, a jẹ ẹ̀kọ, a sùn díẹ̀ lábẹ́ igi àgbọn. Kò sí ohun tí a ṣe ju ìyẹn lọ fún wákàtí mẹ́ta, ó sì dùn mọ́ wa.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti wọ ọkọ̀, tí mo ti kà wá pé a jẹ́ 16, ìyá ní kí n tú okùn kúrò lára bídọ̀n. Ó ti ń bèèrè rẹ̀ láti ọ̀sán, mo ń sọ pé kò tíì yá. Mo tú u. Àwọn apẹja bá wa pọn ọ́n kún fún omi òkun. Ìyá gbé e sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ títí dé Kétu. Ó ní àwọn tí kò lè rin ìrìn àjò yóò fọwọ́ kàn án nílé.

Ní ọjọ́ kíláàsì tí ó tẹ̀lé e, akápò dìde, ó ka ìnáwó wa sókè láti ojú ìwé ara rẹ̀: táyà 2 500, àkàrà ojú ọ̀nà 800, ó ku 1 700. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bínú ni ó bèèrè pé kí a má pín in, kí ó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ owó Grand-Popo. Wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí mo pa fìtílà.